Ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo yí páìpù èéfín mọ́tò mi padà

Mo ń kọ èyí fún ẹni tó ní mọ́tò kékeré, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí kí mọ́tò náà máa bú ramúramù, tí ẹnì kan sì ti sọ fún un pé bí wọ́n bá lè gé kátálíìsì abẹ́ rẹ̀ (àgbá tó ń sọ èéfín olóró di èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀) dànù, kí wọ́n ki páìpù gbọ̀ǹgbọ̀ bọ̀ ọ́, eré rẹ̀ á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́. Owó tó bá a lọ kò dùn mí tó ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará ilé mi. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn, kí ẹlòmíràn má baà gba ọ̀nà tí mo gbà.

Toyota Corolla 2005 ni mọ́tò náà, tókunbọ̀, ẹ́ńjìnì lítà 1.8. Agbára ẹṣin 130 ló ní nígbà tó jáde ní tuntun. Obantoko ni mò ń gbé, Òkè-Mosàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà àárín ìlú Abẹ́òkúta ni mọ́tò náà ti máa ń rìn jù. Sàìlẹ́ńsà tó wà lẹ́yìn ni ìpẹtà kọ́kọ́ jẹ. Ó lu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, mo sì ń wá ẹni tí yóò bá mi dí i.

Àkókò yẹn gan-an ni Golf kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Pansẹ̀kẹ̀. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó wúwo, kò ha etí rárá. Ohùn yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò ní fi bò pé ohùn mọ́tò tó dára máa ń mú inú mi dùn títí di òní, mi ò sì rí ohun tó burú nínú kí ènìyàn fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni ohùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe ti Golf yẹn mọ ohun tó fi síbẹ̀, ó sì mọ ibi tó fi í sí. Èmi rò pé bí wọ́n bá ti gé irin kúrò, ohùn á jáde.

Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan fún mi létí títì. Ọ̀gá ibẹ̀ kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó fi òòlù kan kátálíìsì náà gbìn-gbìn.

“Ọ̀gá mi, ohun tó fún ẹ́ńjìnì yín lọ́rùn nìyí. Kò lè mí. Wọ́n ṣe é fún òyìnbó ni, epo tiwa kò bá a mu. Ẹ jẹ́ n bá yín yọ ọ́, n ó tún fún yín lówó lé e.”

Ẹ gbọ́ o: èmi ni mo gbé iṣẹ́ wá, òun ló tún fẹ́ fún mi lówó. Níbikíbi tí ẹ bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ bèèrè ohun tó wà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Amọ̀ líle kan ló wà nínú kátálíìsì, tó ní ihò wẹ́wẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí wọ́n sì fi platinum, palladium àti rhodium ra ihò náà nínú lọ́hùn-ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Irin olówó iyebíye ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rà á fi ń kiri láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan dé òmíràn, tí wọ́n ń gbé òṣùwọ̀n kiri.

Ní ti ọ̀rọ̀ epo, ohun tó ń pa kátálíìsì ni òjé tí wọ́n máa ń pò mọ́ bẹntiróòlù láyé àtijọ́. Ní ọdún 2001 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fẹnu kò ní Dakar pé kí òjé kúrò nínú epo, nígbà tí 2006 sì fi máa bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ti pa á tì. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì ń sọ pé epo wa kò bá kátálíìsì mu, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ. Mi ò mọ èyí lọ́jọ́ náà. Mo gba owó, mo sì dúró wò wọ́n.

Wọ́n fi ẹ̀rọ fáílìn gé kátálíìsì, wọ́n gé rẹ́sónétọ̀ (àgbá kékeré tó ń dín ariwo kù) tó wà láàárín, wọ́n gé sàìlẹ́ńsà ẹ̀yìn. Páìpù omi oní-zinc, aláwọ̀ eérú, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́ta, ni wọ́n fi dípò gbogbo rẹ̀. Bí iná wẹ́dìn ṣe kan páìpù náà, èéfín funfun bo ojú ọmọ iṣẹ́ tó ń jó o, ìyẹ̀fun funfun sì dúró yí ojú àpá náà ká. Ọmọ náà kò fi nǹkan bo imú. Mo bi í bóyá kò ń ni ín lára. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ti jó irú èyí, ara mi máa ń gbóná lálẹ́, òtútù á sì máa mú mi. Mílíìkì ni mo máa ń mu sí i.”

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ṣì ń dùn mí. Ìwọ̀n 907 Celsius ni zinc máa ń hó, iná wẹ́dà sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, nítorí náà zinc náà á di èéfín lójú ẹsẹ̀. Èéfín yẹn ló ń fún àwọn wẹ́dà ní ibà alẹ́ yìí. Mílíìkì kò lè dá a dúró. Kí wọ́n kọ́kọ́ ha zinc kúrò lójú ibi tí wọ́n fẹ́ jó, kí wọ́n jó o níta gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí wọ́n sì fi ìbomú gidi bo imú. Bí ẹ bá gbé mọ́tò lọ síbi tí wọ́n ti ń lo páìpù omi fún èéfín, ẹ má gbà. Páìpù dúdú lásán sàn jù ú lọ, ẹ kò sì ní í máa fi ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọlọ́mọ san owó iṣẹ́.

Ohun méjì mìíràn ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mi ò fi pè ní nǹkankan. Wọn ò yọ orí bátìrì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin, bẹ́ẹ̀ iná wẹ́dà lè gba inú wáyà lọ ba bíréènì-bọ́ọ̀sì mọ́tò, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, jẹ́. Èkejì ni pé páìpù náà tóbi jù, kò gba àlàfo orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọjá, ni wọ́n bá gé e mọ́ abẹ́ búùtù. Kò yọ dé etí bọ́ńpà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló wá di ọ̀ràn.

Nígbà tí mo ṣí iná, gbogbo àdúgbò gbọ́. Inú mi dùn. Mo gba Ìbarà kọjá, àwọn ènìyàn ń yíjú wò mí, mo sì ń rò ó pé mọ́tò mi ti lágbára. Etí ló ń tan ènìyàn jẹ níbi ọ̀rọ̀ yìí. Bí mọ́tò bá ti ń pariwo, ara awakọ̀ á máa sọ fún un pé ó ń sáré, kò sì ní wo ojú ibi tí eré ti ń hàn mọ́.

Òkè ìlú yìí ló kọ́kọ́ já a fún mi. Gbogbo ẹni tó mọ Abẹ́òkúta ló mọ̀ pé àárín àpáta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí, ènìyàn ò ní í gun òkè kan tán kó má bá òmíràn níwájú. Òkè tí mo máa ń fi jíà kẹta gùn tẹ́lẹ̀, mo wá ń wá jíà kejì sí i. Tí mo bá dúró sí àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nítorí sún-kẹẹrẹ, tí mo sì fẹ́ gbéra, mọ́tò á bú, á bú, kò ní í lọ. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ débi tí ẹ́ńjìnì fi ń sáré gan-an ni agbára rẹ̀ tó ń yọ. Ta ló ń wakọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín Sápọ́n?

Nígbà tó yá ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Èéfín kì í ṣàn jáde nínú ẹ́ńjìnì bí omi odò. Ó ń jáde ní ìtúpù-ìtúpù, bí ihò kọ̀ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnì (sìlíńdà) bá ṣe ń jó epo tirẹ̀ tán. Ìtúpù tó ń sáré lọ níwájú ló ń fa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ra, ìfàmọ́ra yẹn ló sì ń ran ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ láti gbá ihò rẹ̀ mọ́ kí afẹ́fẹ́ tuntun tó wọlé. Ẹ wo ẹni tó ń fi rọ́bà fọ mọ́tò: bó bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà díẹ̀, omi á ta lọ jìnnà, bó bá yọ ọ́, omi á kàn máa dà sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Páìpù tó bá fẹ̀ ju ohun tí ẹ́ńjìnì ń tú jáde lọ, èéfín inú rẹ̀ á dẹ eré, á tutù, ìfàmọ́ra náà á sì rọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ò bá tíì máa sáré púpọ̀. Ìgbà yẹn gan-an sì ni ẹni tó ń gun òkè nílò rẹ̀. Fún ẹ́ńjìnì 1.8 tí kò ní turbo (fáànù tí èéfín ń yí láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì), páìpù ínǹṣì méjì tó o. Mọ́tò tó ní turbo yàtọ̀, torí bí ọ̀nà bá ṣe là tó lẹ́yìn turbo yẹn ni yóò ṣe yí geerege tó. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ nípa páìpù ńlá, ara irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ló ti wá.

Epo náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í tán kíákíá. Èyí tí mo máa ń rà fún ọ̀sẹ̀ kan kò kún ọ̀sẹ̀ mọ́. Iná ẹ́ńjìnì sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe rìwáyà ní Àsérò, ó ki sikánà bọ̀ ọ́, P0420 ló gbé jáde: ìyẹn ni pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ dé ojú àmì. Báwo ni yóò ṣe ṣiṣẹ́, nígbà tí kò sí níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n náà ní òun lè bá mi pa iná náà. Ó mú irin kótópó kan tó dà bí ìdí púlọ́ọ̀gì, ó fi gbé sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn (ẹ̀rọ kékeré tó ń yẹ èéfín wò) kúrò lójú èéfín díẹ̀, iná sì kú lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n epo kò yéé tán kíákíá.

Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà lára páìpù náà, iṣẹ́ wọn kò sì papọ̀. Ti ẹ̀yìn ń ṣọ́ kátálíìsì ni. Ti iwájú ló ń sọ fún bíréènì-bọ́ọ̀sì bóyá epo tó ń wọlé pọ̀ tàbí ó kéré. Nígbà tí wọ́n ń fi òòlù lu páìpù tuntun wọlé, wọ́n ti mì gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́nu mánífóòdù (ibi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnì), ó sì ti là díẹ̀. Ẹni tó bá rò pé èéfín nìkan ló ń gba ibi tó là jáde kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Láàárín ìtúpù kan sí èkejì, ibẹ̀ náà máa ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Sẹ́ńsọ̀ iwájú á rí afẹ́fẹ́ yẹn, á rò pé epo kéré, bíréènì-bọ́ọ̀sì á sì máa da epo sí i láìdúró. Dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù mi lẹ́yìn jẹ́ ẹ̀rí tó wà lójú mi lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ti pa iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù fún yín láìwo ohun tó tan án, àrùn ṣì wà lára.

Nílé, àwọn aládùúgbò kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá kan tó ń gbé iwájú ilé wa ló pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. “Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Mọ́tò yín yìí, tí ẹ bá ti ṣí i láàárọ̀, àyà mi á já. Mi ò kì í lè sùn mọ́. Ẹ bá mi wò ó, ẹ jọ̀ọ́.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, Mà. Màá ṣe nǹkan sí i.” Pé ìyá àgbà ní láti bẹ̀ mí kó tó lè sùn nínú ilé ara rẹ̀ dùn mí gan-an. Òfin ariwo ti wà ní Nàìjíríà láti 2009 lábẹ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, ti èéfín mọ́tò náà sì wà láti 2011, ṣùgbọ́n òfin kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ mú ènìyàn ro ti aládùúgbò rẹ̀.

Mo ṣì ń gbèrò àtúnṣe nígbà tí a lọ ìnáwó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà Ṣàgámù la gbà. Ẹrù kún búùtù débi pé kò pa dé, mo sì fi okùn so ó. Òjò bẹ̀rẹ̀, a gbé gbogbo wíńdò sókè, mo tan AC, mo sì fi í sórí èyí tó ń yí afẹ́fẹ́ inú mọ́tò nìkan. Ariwo páìpù náà ti ń fọ́ mi lórí tẹ́lẹ̀, torí tí mọ́tò bá ti ń lọ déédéé lórí ọ̀nà tó là, ohùn kan máa ń bú nínú àgọ́ mọ́tò tí kì í dákẹ́. Mo rò pé òun náà ló ń fọ́ ìyàwó mi lórí nígbà tó sọ̀rọ̀.

“Dádì, orí ń fọ́ mi. Ó dà bíi pé n ó bì.”

Mo ní kó fara dà á, pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ó yíjú sẹ́yìn láti wo ọmọ tó sùn. Ó pè é, ọmọ kò dáhùn. Ó tún pè é, ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́sẹ̀, ọmọ la ojú díẹ̀, ó tún pa á dé. Ìyàwó mi pariwo pé kí n dúró.

A sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò. Ojú ọmọ ṣá, ọrùn rẹ̀ kò dúró. Ìyá rẹ̀ gbé e sí èjìká, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ létí títì, ó ń pe oríkì rẹ̀. Ẹsẹ̀ tèmi náà ń gbọ̀n, mo rò pé ẹ̀rù ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò tíì gbọ́ ẹkún tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. A ṣí gbogbo wíńdò, a sì rọra lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù, a ń sọ ọ́ láàárín ara wa pé bóyá ibà ni, tàbí oúnjẹ àárọ̀.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá kò kọ́kọ́ bèèrè ibà. Ó ní, “Gbogbo yín ni orí ń fọ́? Nígbà tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ṣé ó fúyẹ́?” A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ẹ lọ wo mọ́tò yín.” Wọ́n fún ọmọ ní ọ́síjìn, a sì wà níbẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Ìnáwó ti tán kí a tó kúrò.

Carbon monoxide ni. Òun náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé mọ́jú nígbà tí wọ́n bá gbé e sí kọ́rídọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, nítorí náà díẹ̀ nínú rẹ̀ á gba àyè tó yẹ kí ọ́síjìn gbà. Bí ènìyàn bá kúrò níbẹ̀ tó ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó lè gbà tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ọ́síjìn ní ilé ìwòsàn, torí òun ló ń mú un yá. Ọmọdé ni ó sì ń tètè mú, nítorí mímí wọn yá ju ti àgbà lọ.

Kátálíìsì tí mo ta ló máa ń sọ púpọ̀ nínú gáàsì yẹn di carbon dioxide kó tó jáde, nígbà tó bá ti gbóná tó bí ìwọ̀n 300 Celsius. Mo yọ ọ́. Páìpù kò yọ dé bọ́ńpà, èéfín wá ń kó sábẹ́ búùtù. Bí mọ́tò bá sì ń sáré, atẹ́gùn ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń yí padà sí i lára, tó bá rí ojú búùtù tí kò pa dé, á wọlé. Wíńdò pípadé àti AC tó ń yí afẹ́fẹ́ kan náà ló parí rẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ àràmàǹdà nínú wọn. Gbogbo wọn ló wà lójú ẹni tó bá mọ̀.

Bàbá tó bá mi tún un ṣe ní mẹkáníìkì fílẹ́ẹ̀jì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ páìpù. Nígbà tó wo abẹ́ mọ́tò náà, ó dákẹ́ díẹ̀.

“Ta ló ṣe báyìí sí i?”

“Wẹ́dà kan ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ohùn tó dára ni mo wá lọ.”

“Ohùn tó dára wà. A ó ṣe é. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ wá ibi tó ń mí jáde.”

Àárọ̀ ni ó ní kí n gbé e wá, kí ẹ́ńjìnì tutù. Bí mo ṣe ṣí i, ó ní kí n fetí sílẹ̀: tì-tì-tì-tì lẹ́nu mánífóòdù, tó sì ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí irin ṣe ń gbóná tó ń wú. Ẹni tó bá wá gbé mọ́tò gbígbóná fún mẹkáníìkì kò ní í gbọ́ ọ. Ó fi aṣọ tútù dí ẹnu páìpù lẹ́yìn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé, ibi tó bá ti ń hó fọ̀ọ̀-fọ̀ọ̀ ni wọ́n sàmì sí. Ọgbọ́n yìí kò ná ènìyàn ní nǹkankan, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá tún páìpù ṣe ní kí wọ́n ṣe é lójú òun kó tó sanwó.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni ó fi sí mánífóòdù, ó pààrọ̀ àwọn nọ́ọ̀tì tó ti jẹrà. A lọ ra kátálíìsì tókunbọ̀ ti irú mọ́tò náà gan-an. Owó rẹ̀ ju èyí tí mo gbà lé tèmi lọ lọ́nà púpọ̀. Bàbá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wò ó: ó tan iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹnu kan, ó ní kí n wò ó láti ẹnu kejì, mo sì rí ihò wẹ́wẹ́ náà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ́n kọjá. Tó bá ṣófo gbàgà, wọ́n ti kó inú rẹ̀ tà. Tí ìmọ́lẹ̀ kò bá kọjá, ó ti dí. Tó bá ń dún kẹrẹkẹrẹ nígbà tí ẹ bá mì ín, amọ̀ inú rẹ̀ ti fọ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wa ń dún. A dá a padà.

Títẹ̀ páìpù ni mo dúró wò jù. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ní túútù máa ń jẹ́ kó fún pọ̀ níbi kọ́nà, èéfín á sì há síbẹ̀. Bàbá yan iyanrìn nínú agbada títí tó fi gbẹ dáadáa, ó rọ ọ́ kún páìpù ínǹṣì méjì náà, ó ń fi igi kan ara páìpù kí iyanrìn lè kì, ó sì dí ẹnu méjèèjì. Ó ní bí ọ̀rinrin bá wà nínú rẹ̀, ooru á sọ ọ́ di èéfín omi tí yóò yin ohun tí wọ́n fi dí ẹnu páìpù náà jáde bí ìbọn, nítorí náà kí n má dúró níwájú ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi iná gáàsì mú ibi kọ́nà gbóná títí ó fi pọ́n, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin róbótó kan. Nígbà tí wọ́n da iyanrìn nù, ihò inú kọ́nà náà kò fún rárá. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tó tutù, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ohùn tí mo ń wá, inú sàìlẹ́ńsà ló wà. Oríṣi kan wà tí wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá-yàrá, tí èéfín á máa yí kiri nínú rẹ̀. Èyí ló ń dákẹ́ jù. Èyí tí Bàbá lò ni páìpù tó lọ tààrà láti ẹnu dé ẹnu, tí wọ́n dá ihò sí ara rẹ̀, tí wọ́n sì fi òwú gíláàsì yí i ká nínú àgbá. Èéfín á kọjá láìsí ìdíwọ́, òwú náà á sì gbé èyí tó ń ha etí nínú ohùn náà mì. Ìjinlẹ̀ ló ń ṣẹ́kù. Ní ti bíbú tó ń fọ́ orí lọ́nà jíjìn, ẹ́ńjìnì oníhò mẹ́rin tó ń yí ní 2400 láàárín ìṣẹ́jú kan máa ń túpù nígbà 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, irú ohùn kíkẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń bá àgọ́ mọ́tò bú pọ̀. Rẹ́sónétọ̀ tí wọ́n gé dànù ni wọ́n ṣe fún irú èyí. Ó dá òmíràn padà sáàárín, bíbú náà sì rọlẹ̀.

Kó tó jó ohunkóhun mọ́ mọ́tò, ó yọ orí bátìrì, ó sì so wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ wẹ́dìn mọ́ ibi tó sún mọ́ ojú iṣẹ́. Ó fi rọ́bà gbé páìpù náà kọ́, nítorí ẹ́ńjìnì máa ń mì, páìpù tí wọ́n bá jó mọ́ bọ́dì á là. Ẹnu rẹ̀ yọ kọjá bọ́ńpà. Ó tún lu ihò bíńtín kan sí ìsàlẹ̀ sàìlẹ́ńsà. Mo bi í pé ti kí ni. Ó ní omi ni. Lítà epo kan tó bá jó máa ń di omi tó tó lítà kan nínú èéfín, bí ìrìn bá sì kúrú, páìpù kò ní í gbóná tó láti lé e jáde. Inú ni ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ síta. Ìrìn kúkúrú àárín ìlú ló jẹ sàìlẹ́ńsà mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rìwáyà yọ irin kótópó yẹn kúrò, sẹ́ńsọ̀ padà sí àyè rẹ̀, iná kò sì tàn mọ́. Òkè padà sí jíà kẹta. Agbára tó lé díẹ̀ lórí ti tẹ́lẹ̀ tí mo rí, púlọ́ọ̀gì tuntun àti fítà afẹ́fẹ́ tó mọ́ ló fún mi, torí páìpù dídára kò lè fi ju agbára ẹṣin mélòó kan lọ kún irú ẹ́ńjìnì yìí. Ìyá iwájú ilé kí mi, ó bi mí bóyá mo ti ta mọ́tò.

Bí wọ́n bá ti yọ kátálíìsì yín, tí owó kò sì tíì sí láti dá a padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ẹnu páìpù yọ kọjá bọ́ńpà lọ́sẹ̀ yìí, èyí kò wọ́n. Ẹ wo rọ́bà etí búùtù bóyá ó ti já, kí ẹ sì wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún ihò tí ìpẹtà ti jẹ. Ẹ má fi okùn so búùtù rìn. Bó bá di dandan pé kó ṣí díẹ̀, ẹ ṣí wíńdò iwájú sílẹ̀, kí AC sì máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Ẹ má ṣí ẹ́ńjìnì sílẹ̀ nínú gáréèjì tàbí létí wíńdò yàrá. Bí orí bá sì ń fọ́ ju ẹnì kan lọ nínú mọ́tò kan náà, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé ọmọdé sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó máa ro ti ibà.